Ẹ̀rọ Adelé ní Ìlà Ọmọdé

Nígbà tí Fadérera ṣí ilẹ̀kùn Ilé-Ohùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn òtútù.

"Òtútù yìí ti wọ̀ mí légungun," ni àpótí àkọ́kọ́ wí, pẹ̀lú ohùn bàbá arúgbó kan tó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí Fadérera. "Ṣé kò sí ọmọ kankan nílé yìí tó lè bá mi wá nǹkan fi bora ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni Fadérera dáhùn. "Ẹ ti bora, sà."

Bàbá ti bora lóòótọ́. Kíjìpá wà lórí àpótí rẹ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì onírun wà lórí kíjìpá, ẹnì kan sì tún ti fi fìlà òtútù dé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Ìlà Àgbà ṣe rí, àfi bí ìsọ̀ aláṣọ. Ẹ má sì dá àwọn ọmọ wọn lẹ́bi. Ta ló máa dúró gbọ́ kí bàbá rẹ̀ máa sọ pé òtútù ń pa òun, tí yóò kàn kẹ̀yìn síbẹ̀ lọ sílé? Aṣọ ni wọ́n ń kó wá. Aṣọ á wá dí ojú ihò tí ẹ̀rọ ayárabíàṣá inú àpótí fi ń mí, inú àpótí á gbóná, ẹ̀rọ amúlétutù ńlá tó wà lẹ́yìn ilé á mọ̀ pé ó gbóná, á túbọ̀ da omi tútù sínú páìpù. Bàbá á wá túbọ̀ pariwo òtútù, torí pé ẹ̀yìn, lára páìpù gan-an, ni àpótí ti ń mọ òtútù, aṣọ kì í sì í débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ á tún kó aṣọ mìíràn dé. Ìjọba lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé kí wọ́n yé ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìkìlọ̀ náà.

Fadérera bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àràárọ̀ ló máa ń ṣe é kí àwọn àlejò tó dé. Kò wo àwọ̀ wọn, kò gbọ́ òórùn wọn, ó kàn ń ká wọn ni. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń kọjá lójú rẹ̀ báyìí láìdé inú rẹ̀.

Gbọ́lágadé, tí wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe, gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tó gbé àgbá irin ńlá kan. Òógùn ti jẹ́ kí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì yọ dáadáa.

"Àǹtí Fadérera, ẹ wá wo ìyàwó tuntun!" Ó lu ẹ̀rọ náà lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Adelé dé o!"

"Mélòó ni wọ́n fún wa?"

"Méjì."

"Mẹ́rin la béèrè."

"Ìgbìmọ̀ Òtútù ní ká máa dúpẹ́. Wọ́n ní bí òkú bá gba mẹ́rin, kí ni alààyè máa gbà? Mo fẹ́ fún wọn lésì, àfi bí mo ṣe rántí pé ọwọ́ wọn náà ni ìpín òtútù ilé tèmi wà. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́."

Adelé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ amúlétutù tó ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rọ ńlá bá dákẹ́, kí ó lè bọ́ sípò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í sì í sùn pátápátá. Á máa da omi tútù díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà kí ara rẹ̀ má baà dí. Òfin ní kí gbogbo Ilé-Ohùn ní tirẹ̀ kí Oṣù Iná, tí ooru máa ń mú jù lọ lọ́dún, tó wọlé. Oṣù Iná ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ ńlá ilé yìí wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹun tán. Àwọn àgbà sọ pé ara àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tù. Ní Ìlà Ọmọdé, ohùn mẹ́ta ló ṣègbé, kò sì sẹ́ni tó bèèrè wọn.

"Ibo ni wọ́n ní ká tò wọ́n sí?" ni Fadérera bèèrè.

"Níhìn-ín, ní orí Ìlà Àgbà, méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwòrán. Alàgbà ti fọwọ́ sí i."

"Mò ń bọ̀."

Ó rìn lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Ilé-Ohùn gùn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì la àárín rẹ̀. Bí èèyàn bá ti kúrò ní Ìlà Àgbà, á kọjá lára àwọn tó kú lágbàlagbà, á kọjá lára àwọn tó kú ní ọ̀dọ́, títí á fi kan ògiri níbi tí àwọn ọmọdé wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù omi ṣe ń lọ. Omi á wọ ẹ̀yìn àpótí àkọ́kọ́ ní tútù nini, á máa gba ooru lára gbogbo wọn bọ̀, nígbà tó bá sì fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ìkókó. Àwọn tó kọ́ ilé náà kì í ṣe òpè. Wọ́n kàwé, wọ́n rìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó láyà nínú wọn láti bu omi fún ọmọdé kí ó tó bu fún àgbà.

Kò sí aṣọ lórí àpótí kankan níhìn-ín, kò sì sí àga àlejò. Láyé àtijọ́, bí ọmọdé bá kú, àwọn ará ilé ló máa ń gbé e lọ sin, wọn kì í jẹ́ kí ìyá àti bàbá rẹ̀ mọ ojú oórì. Nígbà tí Ilé-Ohùn dé, ìjọba sọ àṣà náà di òfin. Òbí kò gbọdọ̀ mọ ìlú tí ohùn ọmọ rẹ̀ wà, ká má tíì sọ pé yóò wọ ilé náà. Gbogbo ọmọ ló ń gba ìlẹ̀kẹ̀-ohùn sọ́rùn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìlẹ̀kẹ̀ náà á sì máa kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ jọ. Bí ọmọ bá kú, kí wọ́n tó tú ohun tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ sínú àpótí, wọ́n á kọ́kọ́ fa ìyá àti bàbá rẹ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀, kí ọmọ náà má baà máa pè wọ́n. Òbí tó bá rú òfin yìí, wọ́n á gbé ohùn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́ láé.

Ọ̀pọ̀ Ilé-Ohùn ni Fadérera ti bá tún ẹ̀rọ ṣe kó tó rí orúkọ tó ń wá. Nígbà tí wọ́n bi í ní ibi iṣẹ́ yìí bóyá ó ní ọmọ nínú àpótí, ó ní òun kò bímọ rí. Orúkọ náà wà lára àpótí kan nítòsí ògiri: Dúródọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ooru ló pa á, ní Oṣù Iná ọdún kan tí ìpín òtútù àdúgbò wọn tán láìtọ́jọ́. Láti ìgbà tó ti rí orúkọ náà, Fadérera kò pè é rí, kò sì fọwọ́ kan ojú àpótí náà. Ẹ̀yìn nìkan ló máa ń gbà lọ, láti fọwọ́ kan páìpù bí òṣìṣẹ́ yòókù.

Ó fọwọ́ kàn án báyìí. Ó gbóná ju ti àná lọ.

Ó dúró kí ó dùn òun. Kò dùn ún. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù lọ nìyẹn, pé ọmọ òun wà nínú àpótí yìí, ooru tún ń mú un, nǹkan kan kò sì mì nínú òun.

"Orúkọ mi ni," ni ọmọdébìnrin kan ń sọ nínú àpótí tó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà. "Orúkọ mi ni. Orúkọ mi ni." Bí ooru bá ti ń jẹ ohùn, orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Òmíràn ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé. Kò sí fèrèsé nínú ilé náà. Bí Oṣù Iná bá wọlé bá wọn báyìí, kò ní ku ẹyọ kan ní ìlà náà, títí kan Dúródọlá.

Nígbà tí Fadérera padà sókè, Alàgbà Odùńtàn ti dé. Òun ni olùtọ́jú Ilé-Ohùn, ọkùnrin gíga kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àpótí àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eékún kì í jẹ́ kó dìde bọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Odùńtàn, ìwọ nù un?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣé ẹ jí ire?"

"Jíjí ire wo? Òtútù ni mo jí bá. Àbí o ò ní aṣọ nílé rẹ mọ́ ni?"

Alàgbà gbójú sókè, ó rí àwọn aṣọ tí Fadérera ti ká jọ. Ojú rẹ̀ le. "Ta ló bọ́ bàbá mi sí ìhòòhò?"

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ò lè mí lábẹ́ aṣọ." Fadérera bá a mú apá, ó gbé e dìde. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó fi òmíràn lé e. "Alàgbà, ibi tí wọ́n ní ká to adelé sí yìí, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, kí omi tútù kejì máa tibẹ̀ gòkè bọ̀."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

"Lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, sà."

Gbọ́lágadé tó ń yọ bóòtù lára kẹ̀kẹ́ dáwọ́ dúró. Alàgbà na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi í tilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Kí omi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọdé kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi? Kí bàbá mi máa gba omi tí ọmọdé ti lò kù? Fadérera, ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

"Omi ẹ̀rọ ńlá á ṣì máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, sà. Adelé nìkan ni mò ń sọ. Ní ìsàlẹ̀ yẹn, omi ti gbóná."

"Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ pé ó gbóná?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

Alàgbà kì í ṣe òǹrorò, kò sì pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi í léèrè, irú èyí tí wọ́n fi ń bi aláìsàn.

"Ṣé o ní èèyàn níbẹ̀ ni?"

Gbọ́lágadé ń wo sípánà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Rárá, sà," ni Fadérera wí. "Mi ò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó tún dúró kó dùn òun. Ó gbọ́ omi tó ń lọ nínú páìpù, ó gbọ́ bí Alàgbà ṣe ń mí. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó wá rí i pé òun lè máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ, torí pé kò sí ohun tó ń dí òun lọ́nà.

"Bàbá ni mò ń rò, sà. Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ráhùn? Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń da omi sí wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ń gbọ̀n báyìí. Bí a bá wá to méjì mìíràn tì wọ́n, aṣọ wo la fẹ́ rí bò wọ́n?"

Alàgbà yíjú sí àpótí àkọ́kọ́, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rọ méjì la fẹ́ gbé síbí. Kí lẹ rí sí i?"

"Ẹ̀rọ kí ni?"

"Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù, Bàbá."

"Òtútù mìíràn!" Bàbá figbe ta, gbogbo Ìlà Àgbà sì gbè é lẹ́sẹ̀. "Odùńtàn, mo ti kú lẹ́ẹ̀kan, kò tó ẹ? Ṣé o fẹ́ tún mi pa ni?"

Gbọ́lágadé yára yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Alàgbà dúró gbọin síbẹ̀, ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ní yẹ òfin ìlú nítorí ọmọdé kankan, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ kan tó tàpá sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ikú kò sì yí ìyẹn padà.

"Ẹ gbé e kúrò níbí," ló wí níkẹyìn. "Ẹ gbé òtútù náà lọ bá àwọn ọmọdé. Ṣebí àwọn ló yẹ kó gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Iṣẹ́ náà kò ṣòro, ó kàn wúwo ni. Wọ́n ti adelé méjèèjì lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n fi bóòtù kàn wọ́n mọ́lẹ̀ kí gbígbọ̀n wọn má baà mi àwọn àpótí. Gbọ́lágadé so wáyà mọ́ iná. Fadérera ti ẹnu páìpù, ó gé e, ó fi ìsopọ̀ tuntun sí i, ó wé rọ́bà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ó kọ́kọ́ fọn bí ìkòkò tó ń hó, lẹ́yìn náà omi tẹ̀lé e. Fadérera dé bóòtù tó kẹ́yìn, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì ní kí Gbọ́lágadé tan iná.

Adelé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí ó ṣe ń kùn ni fèrè ọ̀sán dún níta, àwọn ilẹ̀kùn sì tì fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde sínú ooru mọ́ títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

"Ó yá," ni Alàgbà wí. Ó ti fà àga kan wá. "Pe orúkọ."

Ìgbà yẹn ni Fadérera tó rántí. Òfin ní bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan omi ìlà kan, kí wọ́n pe gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀ lórúkọ, ní etí olùtọ́jú. Èyí tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, wọ́n á kà á sí pé ó ti lọ, wọ́n á nu àpótí rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì dé bóòtù tó kẹ́yìn ló gbọdọ̀ pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi bóòtù yẹn sílẹ̀ fún ara wọn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn kó máa pe òkú. Fadérera dé e láìrò ó rárá.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ kí n bá Àǹtí pè é," ni Gbọ́lágadé wí. Kò wo Fadérera bó ṣe ń sọ ọ́. "Ó ti rẹ̀ wọ́n."

"Ṣé ìwọ lo dé bóòtù?"

"Rárá, sà."

"Jẹ́ kó pè é."

Fadérera bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ọmọdébìnrin tó ti gbàgbé orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè, ìpè kejì ló sì jẹ́. Ó bi í bóyá ooru ń mú un, ọmọ náà ní ó mú òun díẹ̀. Ó pe èkejì. Ó pe ẹ̀kẹta. Alàgbà ń mi orí bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ. Fadérera ń rìn lọ, ògiri ń sún mọ́ ọn.

Wọ́n ní àwọn ti fa ìyá yọ. Òun náà tẹ̀ka sí i lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ iṣẹ́ ìjọba, ìdajì ohun tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe ni wọ́n ń ṣe. Bí wọn kò bá fà á yọ tán, Dúródọlá á pè é ní Màámi lójú Alàgbà, ilẹ̀ ò sì ní mọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tí òun ò ní mọ̀. Bí wọ́n bá sì fà á yọ tán, Dúródọlá ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láé. Kò mọ èwo lòun ń gbàdúrà fún nínú méjèèjì. Ó lè fo àpótí náà. Bó bá fò ó, wọ́n á nù ún.

"Dúródọlá," ló pè.

Adelé ń kùn. Kò sí ìdáhùn.

"Dúródọlá."

Alàgbà gbé ojú sókè. Gbọ́lágadé sún mọ́ ọn, ó sì dúró.

Ohùn òṣìṣẹ́ ni Fadérera fi pe méjì àkọ́kọ́. Ó ku ẹyọ kan. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì pè é bó ṣe máa ń pè é nílé nígbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, tó máa ń fa ìparí orúkọ náà gùn kí ó lè gbọ́ láti ìta.

"Mà?"

Ohùn náà kò yàtọ̀. Ó há díẹ̀, bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ṣé ooru ń mú ọ?"

"Ó ń mú mi tẹ́lẹ̀. Kò mú mi mọ́. Ta nì yẹn, mà?"

Alàgbà ń wò ó. Fadérera fi ọwọ́ méjèèjì sápò.

"Àwa tí à ń tún ẹ̀rọ ṣe ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Dúródọlá wí.

"Oo."

Alàgbà Odùńtàn mi orí, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ẹ ò rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́? Bó ti ṣe kéré tó. Ẹni tó bí ìyẹn kọ́ ọ dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Fadérera wí, ó sì pe orúkọ tó kàn.